Bá Mi Dáhùn

Olùkọ́ pe orúkọ náà, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún un pè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wo ara wọn lójú, wọ́n ń wá ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tí wọ́n ń wá kò jìnnà. Ó jókòó sórí àga gíga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Eléjìí, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó ń wo iwájú bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn. Ooru mú nínú yàrá iṣẹ́ náà débi pé gbogbo èèyàn ń fi ìwé fẹ́ ara, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin yìí we síkáàfù nínípọn mọ́ ọrùn títí dé àgbọ̀n.

Ó yí ojú sí Eléjìí díẹ̀díẹ̀.

"Èmi ló ń pè," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ. "Bá mi dáhùn. Ohùn mi kò jáde."

Èdè ilé ni ó fi sọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gbé òkèèrè rí, ẹ ó mọ ohun tí ìyẹn lè ṣe fún èèyàn. Láti ọjọ́ tí Eléjìí ti dé ìlú náà, kò tíì gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni àfi lórí fóònù, àti lẹ́nu ara rẹ̀ nígbà tó bá ń dá sọ̀rọ̀. Ìlú tó kún fọ́fọ́ fún èèyàn ni, tọ̀sán tòru ni ọkọ̀ ń lọ tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n nínú gbogbo èrò yẹn, kò sẹ́ni tó tíì bi í pé báwo ni. Inú rẹ̀ yọ́. Kó tó ronú, ọwọ́ rẹ̀ ti lọ sókè.

"Mo wà níbí," ni ó wí.

"Ìwọ nìyẹn," ni olùkọ́ wí. Obìnrin àgbàlagbà ni, onísùúrù, tí kì í yọ ọwọ́ kúrò nínú àpò aṣọ funfun tí àwọn dókítà eyín máa ń wọ̀. "Ọdọọdún ni orúkọ yìí máa ń wà lára àwọn tuntun, ọdọọdún ni mo máa ń pè é tì. Ó dára tí o wá."

Nígbà tó kan orúkọ Eléjìí gan-an, Eléjìí tẹrí ba, ó yí ohùn padà díẹ̀, ó tún dáhùn. Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín sábẹ́ èémí. Kò sí ilé-ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ kì í ti í bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ dáhùn. Ẹni tí kò bá ṣe é rí, bóyá kò ní ọ̀rẹ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. Bó bá já bọ́, fífọ́ ló ń fọ́, kò sì sẹ́ni tó lè kó o padà.

Eléjìí kì í ṣe orúkọ àbísọ. Àlàfo tó wà láàárín eyín iwájú rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá ìyá rẹ̀ ní èjí, ìyá rẹ̀ ní in, nígbà tó sì jẹ́ pé òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí, èjí náà kò ní ibòmíràn tó máa lọ. Aránṣọ ni ìyá náà. Nígbà tí Eléjìí wà ní kékeré, bí inú ìyá bá dùn, á já òwú kan, á ní kí ọmọ rẹ̀ yanu, á mú òwú náà gba inú èjí kọjá, á fà á síwá sẹ́yìn títí ọmọ á fi rẹ́rìn-ín. Á ní, "Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tí mo lè fi ojú dídì fi òwú bọ̀ nìyí."

Ojú náà ló wá di ọ̀ràn. Ọdún gbọọrọ tó fi ń ránṣọ nínú iná tí kò mọ́lẹ̀ ti jẹ ẹ́. Ó ti di pé bí ìgbà tí èèyàn bá wà lẹ́yìn aṣọ fèrèsé ni ó ń rí gbogbo ènìyàn. Dókítà ojú ní iṣẹ́ abẹ lè là á, ó sì lè pa á pátápátá, àti pé kí wọ́n má jẹ́ kó pẹ́. Ìyá yarí. Ó ní kò sẹ́ni tó máa fi irin kan ojú òun àfi bí òun bá kọ́kọ́ rí ọmọ òun nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ.

"Bó bá là, mo dúpẹ́," ni ó sọ lórí fóònù. "Bí kò bá là, kó jẹ́ ojú tìẹ ni mo rí kẹ́yìn. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ọmọ mi. O ṣáà gbọ́dọ̀ wálé."

Eléjìí ṣèlérí. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú ti wà nílẹ̀, ó wà nínú àpótí ní yàrá rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìrìnnà àti ìdì òwú kan tí ìyá rẹ̀ fi sínú ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ tó kúrò nílé. Ohun kan ṣoṣo tó wà níwájú rẹ̀ nìyẹn: kó parí ìdánwò, kó sì délé kí ojú ìyá rẹ̀ tó ṣú. Àjò kì í dùn kí onílé má relé.

Ẹ̀kọ́ eyín ló wá kọ́, ìyẹn nìkan sì tó ẹ̀rín, nítorí ohun tí wọ́n kà sí ẹwà nílé, àlébù ni lójú àwọn tó ń kọ́ ọ. Olùkọ́ ti ní kó yanu níwájú gbogbo kíláàsì rí, ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ tọ́ka sí èjí, ó ní, "Irú èyí ṣe é dí."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ni Eléjìí wí, "bí ẹ bá dí i, màámi kò ní ṣílẹ̀kùn fún mi."

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ kọ́ wọn bí a ṣe ń mú àmì eyín, wọ́n pín wọn ní méjì méjì, òun àti ọmọbìnrin tó we síkáàfù yẹn sì bọ́ sójú kan, Onísíkáàfù ni Eléjìí máa ń pè é. Iṣẹ́ náà kò le. A ó po nǹkan rírọ̀ kan bí amọ̀ sínú àwo irin kékeré, a ó tì í bọ ẹnu ẹnìkejì, yóò gé e jẹ, a ó dúró kó le díẹ̀, a ó yọ ọ́. Inú ihò tí eyín fi sílẹ̀ ni a ó da ìyẹ̀fun funfun tí a fi omi pò sí. Bó bá gbẹ, eyín onítọ̀hún ló máa jáde, eyín efun, tó funfun báláú, a ó kọ orúkọ sí i nídìí, a ó sì tò ó sórí pẹpẹ.

Onísíkáàfù ló kọ́kọ́ mú ti Eléjìí. Òtútù ọwọ́ rẹ̀ gba inú ìbọ̀wọ́ rọ́bà jáde. Ó ṣe é dáadáa, ó tilẹ̀ fi ìka kan tẹ èjí náà bí ẹni ń tẹ bọ́tìnnì. "Ó wù mí," ni ó wí. Ó wá kan Eléjìí. Ó ti àwo bọ ẹnu ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní kó gé e jẹ, ó dúró, ó yọ ọ́, ó gbé e sábẹ́ iná láti wò ó. Kò sí ojú eyín kankan níbẹ̀. Amọ̀ náà tẹ́jú, ó ń dán, bí inú abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Ó bojú wo ẹnu Onísíkáàfù. Onísíkáàfù ti pa á dé.

"Mo mira ni," ni ó wí. "Wọn ò ní jẹ́ ká tún un ṣe. Da tìẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ta ló máa mọ̀?"

Ó yẹ kí ẹ̀rù ba Eléjìí. Ìtìjú ló mú un dípò rẹ̀, ìtìjú ẹni tí kò tíì mọ iṣẹ́. Ó rò pé òun lòun po amọ̀ náà tí kò dára. Olùkọ́ sì ti ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wọn. Ó da ìyẹ̀fun sí àmì eyín tirẹ̀, nígbà tó gbẹ, ó yọ ọ́, ó tún da òmíràn. Eyín efun méjì jáde, èjí kan náà ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sídìí ọ̀kan, ó kọ orúkọ Onísíkáàfù sídìí èkejì. Ó ti yá a ní ohùn, ó tún yá a ní eyín, kò sì gba ohunkóhun dúró.

Látìgbà náà ni ọ̀rẹ́ wọn wá wọra. Bí wọ́n bá jáde ní kíláàsì, wọn á jọ rìn gba àárín ìlú. Àwọn olórin á máa kọrin lẹ́nu ibùdókọ̀, àwọn ọ̀dọ́ á jókòó síta níwájú ilé kọfí, wọn á máa fi ẹ̀rín ya ara wọn létí. Àwọn méjèèjì náà á wá àyè jókòó. Eléjìí á mu tirẹ̀ tán. Onísíkáàfù á di ife mú títí yóò fi tutù, kò sì ní fi kan ẹnu. Ìbéèrè ló fẹ́ràn. Kí ni ìyá ẹ máa ń pè ọ́ bí inú rẹ̀ bá dùn? Kí lo kọ́kọ́ máa ń sọ bó o bá wọlé? Orin wo ló máa ń kọ nídìí máṣíìnì? Eléjìí á dáhùn gbogbo rẹ̀. Ó sọ oríkì tí ìyá rẹ̀ nìkan fi ń kì í. Ó sọ̀rọ̀ òwú àti èjí, ó sọ̀rọ̀ ojú tó ń ṣú, ó sọ ibi tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ ilé pamọ́ sí. Àárò ilé ń pa á, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Ìyá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un tipẹ́ pé kì í ṣe gbogbo inú là ń ṣí han ẹni tí a kò mọ ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò rántí ìkìlọ̀ nígbà tí ó bá ń gbádùn ọ̀rọ̀?

Olùtọ́jú ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà lára ohun tí wọ́n jọ fi ń ṣe ẹ̀rín. Bàbá arúgbó kan ni, ẹnu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá. Lọ́jọ́ tí Eléjìí kọ́kọ́ dé, ó kúnlẹ̀ kí i gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a kọ́. Bàbá rò pé nǹkan ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn méjèèjì wá jọ ń wo ilẹ̀. Látìgbà náà, bí Eléjìí bá ti fẹ́ kúnlẹ̀ ni bàbá á ti máa rẹ́rìn-ín. Onísíkáàfù ní kó fi bó ṣe ń ṣe é han òun. Ó fi hàn án nínú ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń ṣe é. Onísíkáàfù kò rẹ́rìn-ín, orúnkún rẹ̀ ló ń wò.

Ìgbà kan ṣoṣo ni ara fu ú. Ó ń fọ aṣọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìsinmi kan ni ó wá bá ara rẹ̀ tó ń ronú pé òun kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé kan lẹ́nu ọ̀rẹ́ òun tí òun fúnra òun kò kọ́kọ́ sọ. Kódà ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Kí olùkọ́ tó wọlé lọ́jọ́ náà, òun ni òun jókòó sórí àga òun nínú yàrá iṣẹ́, tí òun ń pe ilé, tí fóònù kò lọ, tí òun ń sọ lábẹ́ èémí pé, "Dáhùn, màámi, bá mi dáhùn. Ṣé ohùn mi kò jáde ni?" Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú omi ọṣẹ. Lẹ́yìn náà ó gbọn orí, ó bá aṣọ fífọ̀ lọ.

Ọ̀fun ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ń dùn ún, ó ń gbẹ, ohùn sì ń fà sẹ́yìn lójoojúmọ́. Ó ní òtútù ni. Onísíkáàfù káàánú rẹ̀, ó tú síkáàfù ọrùn ara rẹ̀, ó we é mọ́ ọn. Kò sí ohun kan lọ́rùn tó ń fi pamọ́ yẹn, ọrùn bí ọrùn ẹnikẹ́ni ni. Síkáàfù náà kò sì móoru rárá.

Lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ ń pe orúkọ. Ó dé orí ti Eléjìí. Eléjìí ń ha ọ̀fun, ó fẹ́ dáhùn, nígbà tí ohùn kan sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Mo wà níbí." Ohùn tó já geere ni, tí ẹ̀rín wà nínú rẹ̀, ohùn tí Eléjìí ti mọ̀ láti ìgbà tó ti ń sọ̀rọ̀, nítorí tirẹ̀ ni. Onísíkáàfù ló nawọ́ sókè. Ó rẹ́rìn-ín sí olùkọ́, èjí sì hàn láàárín eyín rẹ̀.

Olùkọ́ wá padà pe orúkọ Onísíkáàfù, Eléjìí gan-an ló sì ń wò bó ṣe ń pè é. Eléjìí di ẹnu mú.

"Ọ̀fun yẹn ṣì ń dùn ọ́?" ni olùkọ́ wí tàánútàánú. "Má ṣèyọnu. Mo ti rí ọ."

Eléjìí kò dúró kí kíláàsì parí. Ó sáré dé yàrá, ó já òwú ìyá rẹ̀, ó dúró níwájú dígí. Òwú kò kọjá. Ó tì í, ó fà á, ó fi itọ́ rin ín, ó tún un tì títí ìdí eyín fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Eyín iwájú méjèèjì ti fara kan ara wọn, wọ́n sún mọ́ra típẹ́típẹ́, bí ẹni pé àlàfo kò gbé ibẹ̀ rí. Ẹkún ni ó gbẹ́nu lé. Nígbà tó bi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ léèrè nípa èjí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, wọ́n wò ó bí ẹni tí oorun kò tíì dá lójú rẹ̀. "Ọ̀rẹ́ ẹ ló ní àlàfo," ni ọ̀kan nínú wọn wí. "Ṣé òun kọ́ ni olùkọ́ ní kó yanu lọ́jọ́sí, tó dá wa lẹ́rìn-ín pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀?"

Ó ti ṣe ìdánwò tó kẹ́yìn kó tó rí olùkọ́ nìkan. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ohùn tó ti di èémí lásán, kò fi ìwà màgòmágó tó hù pa mọ́. Olùkọ́ fetí sílẹ̀ dáadáa. Kò pè é ní wèrè. Ó ní kó yanu, ó wò ó, ó sì lọ sí ibi pẹpẹ, ó gbé eyín efun méjì wá. Èyí tí orúkọ Eléjìí wà nídìí rẹ̀ ṣì ní èjí. Èkejì, tí Eléjìí fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà láti inú àmì kan náà, kò ní èjí mọ́. Efun náà ti dí, ó dán, kò sí ibi tí ọbẹ kàn án, kò sí ibi tí wọ́n lẹ nǹkan mọ́. Olùkọ́ gbé e súnmọ́ ẹnu rẹ̀, ó fi wé eyín rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tí kò bára mu.

"Èèyàn lè ṣì sọ," ni ó wí, ó sì gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Eyín kì í ṣì. Tìẹ nìyí, ọmọ mi. Ilé jìnnà sí ọ, ó sì rẹ̀ ọ́. Ìwọ kọ́ ni àkọ́kọ́ tí mo máa rí bẹ́ẹ̀. Lọ sinmi."

Ohun tó dun Eléjìí jù ni pé òun náà, bí wọ́n bá bi í lórí ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ, ohun kan náà ni ì bá sọ.

Ó padà sílé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìsinmi ti bẹ̀rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ́ ẹrù jáde, wọ́n ń dì mọ́ ara wọn lójú ọ̀nà. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò ṣí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ mọ́.

"Ẹni tó ni ibẹ̀ ti lọ sílé láàárọ̀ yìí," ni olùtọ́jú ilé sọ fún un. "Èmi ni mo bá a gbé ẹrù sínú ọkọ̀. Ó tún kúnlẹ̀ fún mi bó ṣe máa ń ṣe. Ọmọ dáadáa ni, àárò rẹ̀ máa sọ mí."

"Bàbá, èmi ni," ni Eléjìí wí. Nígbà tí ó rí i pé ojú bàbá kò yí padà, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

Bàbá wo ilẹ̀ yíká ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀. "Kí ló bọ́ lọ́wọ́ ẹ?" ni ó bi í.

Bàbá fà á dìde, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ kan lé e lọ́wọ́, ti yàrá tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀ọ̀dẹ̀. Ó ní títì ló ti wà láti ìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló wà lára rẹ̀, orúkọ tí olùkọ́ pè lọ́jọ́ àkọ́kọ́, inú òun sì dùn pé ó wá gbà á níkẹyìn. Ibùsùn kan ló wà níbẹ̀, tí wọ́n tẹ́ dáadáa, tí eruku bò. Ó jókòó sí etí rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìwé ìrìnnà, aṣọ, ìdì òwú, gbogbo rẹ̀ ti bá ẹlòmíràn lọ. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Fóònù nìkan ló kù sí i lọ́wọ́, ó sì ń pe ilé títí, kò sẹ́ni tó gbé e.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n tó gbé e.

"Àlò?" Ìyá rẹ̀ ni.

"Màámi, èmi ni."

"Ta ni? Mi ò gbọ́ ọ dáadáa."

"Èmi ni, màámi. Ọmọ yín ni." Ó fi gbogbo agbára tó kù nínú ọ̀fun rẹ̀ pe oríkì ara rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló sọ ìyẹn fún ẹ?" Kí Eléjìí tó dáhùn, ohùn kan bọ́ sí i láti ẹ̀yìn, ohùn Eléjìí gan-an, tó já geere: "Ta ni, màámi?" Ìyá ní, "Ọmọdébìnrin kan ni, kò ní ohùn lẹ́nu. Bóyá ọ̀rẹ́ ẹ ni."

"Màámi, kì í ṣe èmi ló wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ fi òwú wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òwú gba inú èjí rẹ̀ wò."

Ìyá rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí Eléjìí kò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí ojú ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. "Ó sọ ti òwú fún ẹ? Mo ti fi wò ó. Bó ṣe wọlé ní àná ni mo ti já òwú, mo dijú, ó sì kọjá wẹ́rẹ́." Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ọsibítù la wà yìí. Mo ti rí ojú ọmọ mi, ọkàn mi ti balẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n máa ṣe é. Wọ́n ti ń pè wá."

Eléjìí fẹ́ pariwo. Èémí lásán ló jáde, lẹ́yìn náà ẹkún. Ìyá gbọ́ ẹkún náà. Obìnrin tí kì í lè gbọ́ ẹkún ọmọ ẹlòmíràn kó kọjá lọ ni.

"Má sunkún mọ́," ni ó wí. "Mo mọ̀ pé ilé ló ń ṣe ọ́. Ọlọ́run á mú ìwọ náà dé ọ̀dọ̀ ìyá ẹ láyọ̀."

Fóònù kú.

Kò mọ iye ìgbà tó fi jókòó bẹ́ẹ̀. Oòrùn ṣì wà níta, ariwo ìlú ń gba ojú fèrèsé wọlé, ẹnìkan ń kọrin lẹ́nu ibùdókọ̀. Nígbà tí wọ́n kanlẹ̀kùn, olùtọ́jú ilé ló yọjú, inú rẹ̀ ń dùn.

"Ìyá ẹ àti bàbá ẹ ti dé," ni ó wí. "Ọdọọdún ni wọ́n máa ń wá béèrè ọ nígbà ìsinmi, ọdọọdún ni mo máa ń sọ fún wọn pé o ò sí níbí. Ojú máa ń tì mí. Lónìí, mo rí nǹkan gidi sọ fún wọn."

Ọkùnrin kan àti obìnrin kan dúró lẹ́yìn rẹ̀. Wọn kò gbé àpò, bàtà wọn kò ní eruku ọ̀nà. Àwọn méjèèjì we síkáàfù nínípọn mọ́ ọrùn títí dé àgbọ̀n. Bàbá arúgbó yà fún wọn, ó ní òun á jẹ́ kí wọ́n ráyè kí ara wọn, ó sì fa ilẹ̀kùn dé.

Obìnrin náà súnmọ́ ibùsùn. Bó ṣe ń wo Eléjìí, ìfẹ́ ìyá sí ọmọ ló wà lójú rẹ̀, ìfẹ́ tòótọ́, ti ẹni tó ti retí títí, ìyẹn ló sì bani lẹ́rù jù. Ó rẹ́rìn-ín láìya ẹnu. Ó fi ọwọ́ tútù gbé àgbọ̀n Eléjìí sókè, ó tẹrí ba, ó sì pe orúkọ tí olùkọ́ pè lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wúyẹ́wúyẹ́.

Eléjìí di ẹnu pọ̀, ó di eyín mọ́ ara wọn. Ó ń ronú nípa ìyá rẹ̀ lórí ibùsùn ọsibítù, tó mú ojú ẹlòmíràn wọ inú òkùnkùn. Obìnrin náà tún orúkọ náà pè. Kò kánjú. Ó hàn pé bó bá máa pè é di ọdún tó ń bọ̀, yóò pè é.

Nígbà náà ni ọ̀fun tó ti ń dun Eléjìí láti ọjọ́ yìí wá ṣíwọ́ dídùn. Ó dẹ̀, ó là, nǹkan kan ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ohùn kì í gba àárín ìka padà. Ohùn náà jáde ketekete. Kì í ṣe ohùn rẹ̀.

"Mo wà níbí," ni ó wí.